Ohun Tí Àwẹ̀ró Fi Sàmì sí Ìbora Bàbá

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Ohun tí yóò parẹ́ ni a fi ń sàmì ohun tí yóò pẹ́." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi gba ẹlòmíì nímọ̀ràn pàápàá. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀? Agbo ilé kan ní ìlú Ìdí-Òwú ni, ìyàwó tuntun kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ló sì fà á.

Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti gbé Àwẹ̀ró wá. Ọwọ́ rẹ̀ dá lẹ́nu abẹ́rẹ́ rírán, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ará ilé ọkọ ló yọ̀ mọ́ ọn, àfi bàbá ọkọ rẹ̀, Ògúndíran, tí kì í sọ ju "o ṣeun" lọ bí ó bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé bàbá náà burú. Ọ̀rọ̀ ni kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ibo ni ìyàwó tuntun yóò ti mọ̀? Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ kù díẹ̀ kó dé, tí ikọ́ ti ń bá bàbá fínra, Àwẹ̀ró rí ọ̀nà tí yóò fi wọ inú rẹ̀. Ó pinnu láti rán ìbora fún un, irú èyí tí wọ́n ń rán nílùú tiwọn: aṣọ méjì tí a tẹ́ òwú sí láàárín, tí a wá fi abẹ́rẹ́ gún un já láti etí dé etí kí òwú má baà ṣùjọ sójú kan. Ipa abẹ́rẹ́ yìí náà ni ọnà ara rẹ̀, nítorí náà a ní láti kọ́kọ́ ya ọnà sára aṣọ kí okùn tó tẹ̀ lé e. Aṣọ funfun tí ìyá rẹ̀ hun fún un nígbà tó ń relé ọkọ ló mú pé òun yóò fi ṣe ojú ìbora.

Kí ni yóò wá fi ya ọnà? Ó dán ẹfun wò létí aṣọ. Funfun lórí funfun, kò rí nǹkan kan. Ó mú èédú. Èédú hàn, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kàn án, ó ti parẹ́. Ìbíwùmí, ìyàwó àgbà ilé náà, tó ń já ẹ̀fọ́ nítòsí, ní kó gbẹ́ èédú náà ṣóńṣó, kó máa fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ yà á, pé bí iṣẹ́ bá parí, omi yóò kó o lọ. Àwẹ̀ró dúpẹ́, ṣùgbọ́n nínú ara rẹ̀ ó ń wí pé, àmì tó ń sá fún omi, ṣé àmì nìyẹn? Ó gba ilé aláró lọ, ó tọrọ aró díẹ̀ sínú igbá, ó fa ìyẹ́ adìyẹ kan yọ, ó sì fi ya òjòlá gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó lọ́ yí aṣọ náà ká. Ojú ìlà náà mú bí ojú ilà tí olóòlà tó mọṣẹ́ kọ. Inú rẹ̀ dùn, ó sá a sóòrùn.

Ìbíwùmí jáde, ó rí aṣọ, ó fà á kúrò lórí okùn, ó ká a mọ́ abíyá.

"Ìyàwó, ta ló ní kó o ya èyí?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n yà á, Ìyálé mi. Ọnà tí a ń yà fún àgbà nílé wa ni."

Ìbíwùmí mú un wọ yàrá, ó rọra ṣàlàyé. Nígbà tí bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, òun àti àbúrò rẹ̀ ń ṣán oko lọ́wọ́ ni ejò bu àbúrò náà jẹ. Ẹ̀yìn ló fi pọ̀n ọ́n bọ̀ wálé, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló sì kú sí. Láti ìgbà náà, okùn ilẹ̀ ni gbogbo ilé ń pe ejò; kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀.

Ara Àwẹ̀ró tutù. Àwọn méjèèjì gbé aṣọ lọ sódò, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, wọ́n lù ú mọ́ òkúta. Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ ni òjòlá náà túbọ̀ ń dán, bí ẹni pé wọ́n ń wẹ̀ fún un. Àwẹ̀ró jókòó sétí odò, ó ń sunkún aṣọ ìyá rẹ̀.

Ìbíwùmí ronú títí, ó ní, "Bí a kò bá lè mú aró kúrò lára aṣọ, jẹ́ ká mú aṣọ wọnú aró."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Aláró rẹ ẹ́, ó sá a, ó tún rẹ ẹ́, títí aṣọ fi dúdú kirikiri tí òjòlá sì rì sínú rẹ̀. Wàyí o, ẹfun tí kò hàn tẹ́lẹ̀ wá ń tàn yanran. Àwẹ̀ró fi ya ebè iṣu tó tò lọ bẹẹrẹ. Ebè àkọ́kọ́ tóbi jù; ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó tún un yà. Ìlà kan wọ́. Ó nù ún, ó tún un yà. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Nígbà tó fi òwú funfun rán an tán, ó fi aṣọ tútù nu ojú ìbora. Ẹfun lọ, ebè dúró.

Bàbá gba ìbora, ó fi ọwọ́ pa á lára. Ó béèrè ohun tó tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà tó fi rìn tààrà bẹ́ẹ̀, nítorí òun kò rí ipa kankan.

"Ẹfun ni, Bàbá. Mo ti nù ún kúrò."

Bàbá fi ìka tọ ebè kan lára ìbora. "Ohun tí yóò parẹ́ ni a fi ń sàmì ohun tí yóò pẹ́," ó wí. "Mo rí aṣọ funfun yẹn lóòrùn lọ́jọ́ náà, ọmọ mi. Mo ní kí n máa wò ó ná, kí n má tètè pinnu irú ẹni tó o jẹ́."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Bàbá ní kó dìde, kó fa àpótí jókòó. Ó fi ìbora bo èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ fún un: bó ṣe máa ń kọrin lóko, bó ṣe máa ń jí iṣu sun. Ẹ̀rín ń pa àwọn méjèèjì nígbà tí Ìbíwùmí gbé oúnjẹ wọlé.

Ìdí òwe náà nìyẹn. Bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nǹkan, tó ti ń búra, tó ti ń fi ìpinnu tí kò ní ṣeé yí padà de ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì, wọn a ní kó fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ mú un, kó ṣì fi àyè àtúnṣe sílẹ̀, torí pé ohun tí yóò parẹ́ ni a fi ń sàmì ohun tí yóò pẹ́.