Omi Èso Àwẹ̀ró àti Ọ̀nà Abà

Àwẹ̀ró ará Òkè-Ọ̀dán ni aya ọdẹ kan. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ohun méjì ló fi sí ìkáwọ́ obìnrin náà: ìyá ọkọ náà tó ti darúgbó, tó ní òun kò ní fi abà oko sílẹ̀ wá gbé ìlú láéláé, àti ajá rẹ̀, Tanímọ̀la. Ojoojúmọ́, bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, ajá yìí á dìde, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo Àwẹ̀ró lójú. Kò ní jẹ, kò ní mu, àfi bí àwọn méjèèjì bá jọ rìn dé abà.

Àwẹ̀ró kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ó máa ń fún ọsàn àti àgbálùmọ̀ pọ̀, á gún atalẹ̀ sí i, á bu oyin díẹ̀ sí i, á wá sẹ́ ẹ sínú ìkòkò tó rì mọ́ iyanrìn tútù lábẹ́ igi ọ̀dán. Ẹni tó bá mu ún lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ara rẹ̀ á balẹ̀ wọ̀ọ̀. Òun ni ìyá àgbà máa ń retí.

Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lójú ọ̀nà abà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń gbóná bí agbada. Nígbà tí Àwẹ̀ró rí i pé ajá náà ń gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń ké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé akèrègbè omi dání. Á wọ́n omi síwájú, ajá á tẹ̀ ẹ́, òun náà á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún sún síwájú.

Láwoyin, àbúrò ọkọ rẹ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Arógunmásàá ni Àwẹ̀ró ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ.

“Ìyàwó, omi tí o rìn jìnnà lọ pọn lo ń dà sórí òkúta yìí? Ṣe ni kó o sáré kọjá!”

“Arógunmásàá, ẹ máa sáré tiyín. Èmi mọ bí mo ṣe ń lọ.”

Ní ọdún kan, ó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọmọ Láwoyin lórúkọ. Àwẹ̀ró ti fún omi èso ìkòkò mẹ́ta kalẹ̀ de àwọn àlejò. Bí ọ̀sán ṣe pọ́n ni èéfín bo ọ̀run lọ́nà abà: iná ti ràn mọ́ igbó. Láwoyin ki eré mọ́lẹ̀. Àwẹ̀ró kò sáré. Ó gbé ìkòkò kan karí, ó ní kí àwọn ìyàwó ilé gbé méjì yòókù tẹ̀ lé òun. Tanímọ̀la náà bá wọn lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, iná ti jó gbogbo igbó tó yí abà ká, ẹyin iná ló tẹ́ sílẹ̀ rẹrẹ. Òrùlé abà kò tíì gbiná, ṣùgbọ́n ẹ̀ta iná ń bọ́ lé e. Láwoyin jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ó ti sáré wọ inú ẹyin iná náà, kò dé ìlàjì tó fi padà. Nígbà tó rí ìkòkò, ó lanu.

“Omi ìsọmọlórúkọ ọmọ mi nìyẹn?”

“Ìyá tó bí bàbá ọmọ ló wà nínú iná,” Àwẹ̀ró dá a lóhùn.

Ó bu igbá kan, ó dà á síwájú. Ilẹ̀ hó ṣàà, òórùn àgbálùmọ̀ gba inú èéfín kan. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó bu òmíràn. Àwọn ìyàwó ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò. Nígbà tí èéfín bo ojú rẹ̀, tí kò mọ ibi tó kàn, Tanímọ̀la gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó dúró sí eteetí ibi tó tutù, ó ń gbó síhà abà. Ibi tó kọjú sí ni Àwẹ̀ró ń da omi sí.

Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi ìborùn bo imú.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi Àwẹ̀ró ni, Ìyá.”

“O mà pẹ́ lónìí o. Omi mi dà?”

“Ó wà nílẹ̀, Ìyá. Orí rẹ̀ la máa rìn padà.”

Ó pọ̀n ọ́n. Kò sáré, kò wo ẹ̀yìn. Wọ́n kò tíì jìnnà tí òrùlé abà fi wó lulẹ̀ gbì. Láwoyin fi orúnkún wọ́ lọ pàdé wọn, ó di ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹsẹ̀ náà rin, ó lẹ̀ fún oyin, kò sì jóná níbì kankan.

Lọ́jọ́ kejì, omi lásán ni àwọn àlejò mu, Láwoyin fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi ewé di lẹ́sẹ̀, ló sì ń sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.