Kùkùté Ọ̀nà Kẹta

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Òkè-Àgbọn, kò sí ẹni tí kò mọ Ìbídùnní. Bí ẹ bá rí ọmọbìnrin kan tó ga, tó tín-ín-rín, tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, tó sì ń sáré lọ sí ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń rìn lọ, òun náà nìyẹn. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an ní iyọ̀, eré ni. Bí wọ́n bá lu agogo ilé-ìwé, eré ni. Àní lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó wá gba pàṣán nítorí pé ó pẹ́ dé, eré náà ló sá lọ bá tíṣà, ni ẹ̀rín bá pa tíṣà títí ó fi ju pàṣán sílẹ̀.

Ọdún karùn-ún ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Lọ́dọọdún, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bá gba ipò kìíní nínú eré irinwó mítà ni wọ́n ń mú lọ sí ìdíje ẹkùn, níbi tí gbogbo ilé-ìwé agbègbè náà ti ń pàdé. Ní ọdún tó kọjá, Ṣẹ̀gilọlá ti Ilé Búlúù ló gba ipò náà mọ́ Ìbídùnní lọ́wọ́, àyà lásán ló fi ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún kẹfà kì í sì í sáré, ìdánwò àṣekágbá ni tiwọn. Nítorí náà, bí Ìbídùnní kò bá borí lọ́dún yìí, ó di gbére.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Èmi kì í wẹ̀yìn." Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Ohun tí mò ń lé wà níwájú. Kí ló kù lẹ́yìn tí màá máa wò?" Bàbá tó bí ìyá rẹ̀, Bàbá Ládìpọ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀, tó sì jẹ́ pé àwọn ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di àdá mú, a máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Wọn á ní, "Àwẹ̀ró ọmọ mi, ẹ̀yìn náà ní ohun tó ń sọ o." Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Àmọ́ kí Bàbá tó gbẹ́nu dúró, Àwẹ̀ró ti sáré lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń tún pápá ilé-ìwé náà ṣe, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gé koríko ní Òkè-Àgbọn. Bí ìdíje eré bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, Tíṣà Fálọpé, olùkọ́ eré ìdárayá, á fi okùn pín pápá náà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á gba pọ́ṣọ̀nù tirẹ̀, á sì fi àdá gé koríko ibẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Lẹ́yìn náà, kálukú á ru eérú wá láti ìdí ààrò ìyá rẹ̀. Eérú yìí ni wọ́n fi ń fa ìlà ọ̀nà mẹ́fà tí àwọn eléré máa gbà. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Tíṣà Fálọpé dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé, ó na ìka sókè, ó ní, "Ẹni tó bá fi pọ́ṣọ̀nù rẹ̀ ṣeré, kò ní bá wa ṣeré. Mo ti sọ tèmi o!"

Pọ́ṣọ̀nù Ìbídùnní bọ́ sí ìdí igi kaṣú, níbi tí pápá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ìyẹn ibi tí àwọn eléré ti máa ń yà. Èso kaṣú kan ti já bọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ti hù, igi rẹ̀ sì ti nípọn tó àtàǹpàkò àgbàlagbà. Ìbídùnní gé e lẹ́ẹ̀kan, ó gé e lẹ́ẹ̀kejì, orí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ dúró gangan. Ó yẹ kó wá ọkọ́ kó hú u. Àmọ́ fèrè ti ń dún lápá kejì pápá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kó koríko tó ti gé, ó fi bo kùkùté náà mọ́lẹ̀, ó wá pe olórí kíláàsì pé kó wá wo iṣẹ́ òun. Olórí kíláàsì dúró lókèèrè, ó ní ó dáa. Ìbídùnní gbé àdá jù, ó di eré.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti gbàgbé. Òjò rọ̀, koríko tútù hù yí kùkùté náà ká. Nígbà tí wọ́n sì wá fi eérú fa ìlà, gbogbo pápá yí padà lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ ibi tí pọ́ṣọ̀nù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, ó ń fi ọ̀nà kẹta ṣe ìgbáradì. Bó ti dé kọ́rọ́ ìdí kaṣú, gbì! Ó ti nà gbalaja. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé "pẹ̀lẹ́," ó ti dìde, ojú rẹ̀ wà níwájú, ó ti ń sáré lọ. Wọ́n bi í pé kí ló gbé e ṣubú. Ó ní bàtà ni. Ó bọ́ bàtà sọnù, ó ní ẹsẹ̀ lásán lòun máa fi sáré lọ́la.

Ilẹ̀ mọ́, ìdíje dé. Gbogbo ìlú kún pápá, àwọn òbí jókòó lábẹ́ ìbòrí imọ̀ ọ̀pẹ. Ní àárọ̀, wọ́n kọ́kọ́ sá eré tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa kópa nínú àṣekágbá. Ọ̀nà kẹta náà ni wọ́n tún fún Ìbídùnní. Bó ti rọ̀ mọ́ ìlà eérú ní kọ́rọ́ náà, gbì! Ó tún ṣubú. Ó tún dìde, kò wo ibì kankan àfi iwájú, ó sì sáré títí ó fi gba ipò kejì, tó sì bọ́ sínú àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà.

Ìyá rẹ̀ fi àkísà mímọ́ di ìka náà fún un. Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. "Màámi, ayé ń bá mi jà. Ṣẹ̀gilọlá ló ń wò mí ṣáá láti àárọ̀."

"Ojú ló fi ń wò ọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ojú kì í gbé ènìyàn ṣubú. Dákẹ́, kó o mu omi."

Eré àwọn òbí ló kàn. Ìdajì pápá ni wọ́n ń sá, páálí ọṣẹ ìfọṣọ kan sì ni ẹ̀bùn rẹ̀. Bàbá Ládìpọ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ká ṣòkòtò wọn dé orúnkún, wọ́n dé fìlà mọ́rí dáadáa, wọ́n bọ́ sí ọ̀nà kẹta. Fèrè dún. Háà! Ẹ ò rí àwọn àgbàlagbà! Télọ̀ ìlú fi eyín di etí agbádá rẹ̀ mú, ó ń sáré lọ. Bàbá Ládìpọ̀ wà níwájú gbogbo wọn, àwọn ọmọdé ń pariwo, "Bàbá o! Bàbá o!" Wọ́n dé kọ́rọ́ ìdí kaṣú. Gbì!

Ariwo sọ, ẹ̀rín sì tẹ̀lé e nígbà tí wọ́n rí i pé Bàbá kò fara pa. Àmọ́ Bàbá kò dìde. Télọ̀ kọjá lára wọn, wọn kò wò ó. Wọ́n jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n yí ọrùn padà, wọ́n ń wo ẹ̀yìn.

Tíṣà Fálọpé sáré dé ọ̀dọ̀ wọn. "Bàbá, ẹ dìde, ẹ ṣì lè gba ipò kẹta!"

"Ipò kẹta kọ́ ló gbé mi ṣubú," ni Bàbá dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ohun tó gbé mi ṣubú ná."

Tíṣà mi orí, ó padà síbi tí wọ́n ti ń ka àwọn tó borí. Bàbá fi orúnkún wọ́ padà, wọ́n fi ọwọ́ ya koríko sí méjì, wọ́n sì rí kùkùté kaṣú náà. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e dà sí apá òsì, bí ọlọ́wọ́ òsì ṣe máa ń gé igi. Bàbá wò ó títí. Ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ní àdá rí ní gbogbo ìlú náà. Wọ́n ṣí fìlà lórí, wọ́n fi dé kùkùté náà, wọ́n tiro lọ síbi tí ọmọ-ọmọ wọn jókòó sí.

"Àwẹ̀ró, mo gbàgbé fìlà mi sí ìdí kaṣú. Lọ bá mi mú un wá."

Ìbídùnní tiro lọ. Ó ṣí fìlà. Ó mọ igi náà, ó mọ ojú àdá tirẹ̀. Kò sí ayé tó ń bá a jà, kò sí bàtà, kò sí ojú Ṣẹ̀gilọlá. Òun fúnra rẹ̀ ló dẹ páńpẹ́ tó ń mú un láti àná.

Kó tó mọ ohun tó máa ṣe, fèrè dún. Wọ́n ń pe àwọn tó máa sá àṣekágbá kí wọ́n wá mú bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà ọ̀nà sí. Ìbídùnní di fìlà mọ́ àyà, ó na ọwọ́ mú bébà tirẹ̀: ọ̀nà karùn-ún. Ṣẹ̀gilọlá ṣí tirẹ̀, ó ní, "Ọ̀nà kẹta."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín: inú Ìbídùnní kọ́kọ́ dùn. Ṣẹ̀gilọlá náà a máa rọ̀ mọ́ ìlà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Bí òun bá sì panu mọ́, ta ló máa mọ̀? Bí òun bá la ẹnu, òfin Tíṣà Fálọpé wà ńlẹ̀, eré tán, ìdíje ẹkùn tán. Ó wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ta á. Ó wo fìlà Bàbá. Ó wá wo ẹ̀yìn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ bóyá, ó rí Bàbá lábẹ́ ìbòrí, orí wọn ṣófo, wọn kò pè é, wọn kò sì ju ọwọ́ sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí fún Tíṣà Fálọpé. "Kùkùté kan wà ní ọ̀nà kẹta. Pọ́ṣọ̀nù mi ni. Èmi ni mo fi koríko bò ó."

Tíṣà Fálọpé wò ó. "Ṣé o rántí ohun tí mo sọ níwájú gbogbo ilé-ìwé?"

"Mo rántí, sà." Omijé ti ń bọ́.

Ṣẹ̀gilọlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sáré. Ẹsẹ̀ mi ì bá ti kán ká ní kò sọ̀rọ̀. Àti pé bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á ní mi ò rí ẹni bá díje ni mo ṣe borí."

Tíṣà Fálọpé họ orí, ó tún họ ọ́. Níkẹyìn ó ní, "Òfin lòfin. Ṣùgbọ́n ẹni tí pọ́ṣọ̀nù rẹ̀ kò tíì parí, iṣẹ́ ló kù ú kù. Ìbídùnní, lọ mú ọkọ́ àti àdá, kí o parí iṣẹ́ rẹ níṣojú gbogbo ìlú. Bí o bá sì parí rẹ̀, ìwọ àti Ṣẹ̀gilọlá máa pààrọ̀. Ìwọ ló máa gba ọ̀nà kẹta."

Ẹ̀rín bú! Ti Bàbá Ládìpọ̀ ló ròkè jù. "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ẹni tó máa gbabẹ̀ kọjá ló máa tún un ṣe dáadáa!"

Ìbídùnní tún un ṣe, ẹ gbà mí gbọ́. Ó hú kùkùté náà tòun ti gbòǹgbò, ó di ihò náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, ó wá bu eérú, ó fi tún ìlà fà. Díẹ̀ ló kù kó fẹnu fẹ́ ẹ. Nígbà tó máa fi parí, òógùn ti bò ó, apá ń ro ó, àwọn tó kù sì ti sinmi dáadáa.

Wọ́n tò. Fèrè dún. Ilé Pupa, ilé Ìbídùnní, ń pariwo, Ilé Búlúù náà ń pariwo. Ní kọ́rọ́ ìdí kaṣú, àyà Ìbídùnní já, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rírọ̀ ló bá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣẹ̀gilọlá sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí títí wọ́n fi ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Àyà lásán náà ni Ìbídùnní fi já okùn ṣáájú rẹ̀.

Kó tó mí délẹ̀, ó ti mú fìlà níbi tó fi í sí, ó gbé e lọ fún Bàbá. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá Àgbà, ẹ ṣé. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀yìn wàyí."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ìdíje ẹkùn, má ṣe wẹ̀yìn lórí eré o! Ìgbà tí o bá ṣubú ni mo wí."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá? Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn nínú eré àwọn òbí."

"Ta ló sọ fún ọ? Èmi ò tíì parí tèmi."

Ni Bàbá bá dé fìlà wọn, wọ́n tiro padà sí ìdí kaṣú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀nà kẹta, títí wọ́n fi dé òpin. Gbogbo pápá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló la páálí ọṣẹ rẹ̀, tó bu ìdajì fún wọn.

Àwọn ìlú mìíràn lè ní ìtàn tiwọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Òkè-Àgbọn, igi kaṣú yẹn ni wọ́n máa nawọ́ sí pé abẹ́ rẹ̀ ni àwọn àgbà ti kọ́kọ́ pa á lówe pé: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.