Jòrínà àti Ilẹ̀ tí Odò Dá Padà

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ opó kan tí ń jẹ́ Jòrínà."

"Ìyá Àgbà, ìlú wo nìyẹn?"

Ilẹ̀ Bẹ̀ngálì ni, ẹ̀yin ọmọ mi, níbi tí odò ńlá ti ń wọ òkun. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń gun odò wá, á yọjú wo ilé onílé, á sì padà.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn jọ ń gbọ́ èdè ara wọn, Jòrínà ní oko ìrẹsì ní abúlé kan létí odò náà. Bí òtútù bá dé, àwọn ará abúlé á gba omi lára ọ̀pẹ dàbínù, wọ́n á sè é títí á fi di ṣúgà pupa. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo abúlé kan. Ọmọdé á máa lá ìdí ìkòkò, ìyá á máa pariwo.

Ni odò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀. Lónìí, oko. Lọ́la, ilé. Ó gbé mọ́sáláṣí, ó gbé ilé òrìṣà, kò ṣojúsàájú. Ó gbé, ó gbé, ó gbé, títí abúlé fi tán.

"Yéè! Níbo ni wọ́n wá gbà lọ?"

Wọ́n fọ́n ká. Jòrínà di ẹni tí ń gún ìrẹsì nílé onílé. Ọdún mọ́kàndínlógún! Bí afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn ṣúgà dàbínù kọjá báyìí, ọmọ odó á dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ariwo ta: "Ilẹ̀ ti yọ! Ilẹ̀ ti yọ láàárín odò!"

Òfin àwọn baba wọn ni pé ilẹ̀ tí odò bá gbé, bó bá tún yọ, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ náà ló ni ín. Jòrínà àti àwọn ará abúlé bá kó sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, Ẹkùn ti ri òpó mọ́lẹ̀ pé òun ló nilẹ̀. Ogún akátá dúró yí i ká, tàwọn ti kùmọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin alágbàṣe mi!" ni Ẹkùn wí. "Ẹ máa gbin ìrẹsì. Ìlàjì jẹ́ tèmi. Ìlàjì tó kù, a ó máa wò ó."

"Ilẹ̀ wa nìyí," Jòrínà dáhùn.

"Ilẹ̀ yín? Ṣé wọ́n kọ orúkọ rẹ sí ẹrẹ̀ yìí níwájú orí ni?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Lékeléke aláṣọ funfun, onídàájọ́ gbogbo wọn. Lékeléke balẹ̀, ó tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe.

"Ẹkùn, ibi tí o dúró sí yẹn, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ilẹ̀ ni! Ṣé wọ́n ń sọ ilẹ̀ lórúkọ bí ọmọ tuntun ni?"

"Jòrínà ńkọ́?"

Jòrínà nu ojú. Ó kọ ẹ̀yìn sí igi àjàgbọn ńlá tó wà ní bèbè odò, ó fi òkun sí ọwọ́ òsì, ó sì gbé orin. Ẹ gbè é fún mi, ẹ̀yin ọmọ:

Adágún Ìyàwó ńkọ́ o?
*Ilẹ̀ wa ni.*
Níbi yẹtí ìyàwó ti bọ́ sómi,
*Ilẹ̀ wa ni.*
Pápá Ewúrẹ́ Méjì ńkọ́ o?
*Ilẹ̀ wa ni.*
Ilẹ̀ Oníyọ̀ ńkọ́ o?
*Ilẹ̀ wa ni.*
Níbi baba wa ti ń se iyọ̀,
*Ilẹ̀ wa ni.*
Kí òyìnbó tó fòfin dè é,
*Ilẹ̀ wa ni.*

Ẹkùn rẹ́rìn-ín. "Ta ni kò lè kọrin? Èmi náà sọ ibí ní Ìdí Ìrù Ẹkùn!"

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bọ́, ẹrú ni wọn yóò dà lórí ilẹ̀ baba wọn. Jòrínà rìn, ó ń ka ìṣísẹ̀. Nígbà tó pé igba, ó dúró níbi tí Ilẹ̀ Oníyọ̀ wà, ó sì pe Alákàn tó ń rìn nínú ẹrẹ̀.

"Alákàn, ọmọ mi, bá mi wa ibí. Àwọn tó ń se iyọ̀ kì í da ìkòkò fífọ́ nù jìnnà."

Alákàn wà á. Kò sí nǹkan kan. Ẹkùn lá ẹnu.

"Wà á sí i."

Alákàn wà á, wà á, wà á. Àpáàdì kan yọ, ó dúdú fún èéfín. Òmíràn yọ. Lékeléke fi ẹnu kan ọ̀kan.

"Iyọ̀! Ẹkùn, hú òpó rẹ."

Ẹkùn bojú wẹ̀yìn. Àwọn akátá ti wo iye ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀, wọ́n ti ju kùmọ̀ sílẹ̀. Ẹkùn bọ́ sómi, ó wẹ̀ lọ.

"Ó ti parí, Ìyá Àgbà!"

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀. Olúkúlùkù rí tirẹ̀, àfi Nítáì apẹja. Tirẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ odò. Ó dúró nínú omi, ó káwọ́ lẹ́yìn.

"Nítáì, pẹ̀lẹ́ o," ọkùnrin kan wí. "Máa retí odò!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Jòrínà ti bẹ̀rẹ̀, ó ti bu ẹrẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ sọ́wọ́. Ó wù ú kó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó dìde.

"Nígbà tí odò ń gbé wa, ṣé ó bèèrè ta ni Nítáì, ta ni Jòrínà?"

Ó gba okùn lọ́wọ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sí àárín oko rẹ̀ gan-an.

"Nítáì, ìhín ni tìrẹ."

"Ìyá, tiyín á kéré jù."

"Ṣé ó lè kéré tó èyí tí mo ní lánàá?"

Ọkùnrin tó sọ pé kó máa retí odò wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó hú òpó ààlà rẹ̀, ó sún un sẹ́yìn sínú oko tirẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí ti Jòrínà lè fẹ̀ sí i. Ẹnìkejì rẹ̀ sún tirẹ̀. Ẹnìkẹta sún tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ yìí kọ́ wa pé ìyà tí a jọ jẹ, a kì í dá ìtura rẹ̀ jẹ.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Bí mo bá pa irọ́ mọ́ ọn, kí ahọ́n mi wúwo lọ́la. Bí n kò bá purọ́, kí agogo ẹnu mi ró lẹ́ẹ̀mẹta.

Pó! Pó! Pó!