Iyọ̀ Tó Wà Nílé Adéfúyì

Ní Abà Àgbọ̀nrín, kò sí àgbẹ̀ tó ní ìwé ilẹ̀. Igi pèrègún tí àwọn baba wọn gbìn sí ààlà ni ìwé wọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ agégẹdú kan wá hú àwọn pèrègún náà, tó sì ri òpó símẹ́ǹtì tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdajì oko kòkó Ìyá Ògúndélé, opó ẹni àádọ́rin ọdún, bọ́ sínú ilẹ̀ wọn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ìgbìmọ̀ sì ní kí ẹni tó bá ní ilẹ̀ mú àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ wá. Bí wọ́n ṣe ń gba oko lọ́wọ́ tálákà nìyẹn: wọ́n á kọ́kọ́ hú ẹ̀rí rẹ̀, wọ́n á wá bi í pé ẹ̀rí rẹ̀ dà.

Adéfúyì àti Mojírádé, ọmọ abà náà tí wọ́n jọ gboyè nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, kò gbà. Wọ́n kọ ètò kan tí wọ́n pè ní Ààlà. Bí àgbẹ̀ bá mú fóònù lọ́wọ́ tó rìn yí oko rẹ̀ ká, Ààlà yóò ya àwòrán oko náà. Ìyá Ògúndélé ló kọ́kọ́ rìn yí tirẹ̀ ká, ó ń dúró létí ihò pèrègún kọ̀ọ̀kan àti nídìí òpó símẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò, kó lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì tún un ṣe. Kí oṣù kan tó pé, ogún ènìyàn láti ìlú méje ti ń bá wọn ṣiṣẹ́. Inú Adéfúyì dùn débi pé kò lè jókòó.

"Ọ̀wẹ̀ gidi la bẹ̀ yìí," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá pàdé.

Ohun kan ṣoṣo ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ohun tí ènìyàn kọ kì í dédé di ètò tó ń ṣiṣẹ́. Irinṣẹ́ kan ní láti kó gbogbo rẹ̀ jọ kó sì tò ó pọ̀, bí ẹni ń se èròjà di ọbẹ̀. Adéfúyì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ irinṣẹ́ tiwọn sórí láptọ́ọ̀pù olówó ńlá rẹ̀. Mojírádé fẹ́ kí wọ́n lo èyí tí gbogbo ayé ń lò, tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yòówù.

"Fúyì, mo gbìyànjú tìẹ lórí kọ̀ǹpútà iléèwé. Kò ṣiṣẹ́."

"Kọ̀ǹpútà yẹn dàgbà ju ẹ̀gbọ́n mi lọ."

"Òun làwọn ènìyàn wa ní."

"Moji, ó ń ṣiṣẹ́ lórí tèmi. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, màá gbé tèmi lọ. Ó parí."

Mojírádé kò bá a jà. Ó gbé irinṣẹ́ kejì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú iṣẹ́ wọn, ó ń dán an wò lórí kọ̀ǹpútà iléèwé lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Bí Adéfúyì ṣe ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà dìde.

"Alága, ta ló mọ ohun tí wọ́n ti fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ yẹn? Wọ́n ní gbangba niṣẹ́ wọn wà. Kí wọ́n mú un láti gbangba, kí wọ́n tò ó lójú wa, lórí kọ̀ǹpútà ìgbìmọ̀."

"Ó bọ́gbọ́n mu," ni alága wí. "Mo fún yín ní ìdajì wákàtí."

Adéfúyì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó kọ̀. Mojírádé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ka ohun tó hàn.

"Fúyì, inú fódà "Ilé Adéfúyì" tó wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ nìkan ló ti ń wá fáìlì kan. Orúkọ rẹ gan-an lo kọ síbẹ̀."

Òótọ́ ni. Nítorí pé kò dán an wò níbòmíràn rí, kò mọ̀.

"Ṣé ká lọ sílé Adéfúyì ni?" Agbẹjọ́rò bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Ògúndélé fa Mojírádé láṣọ. "Kí ló dé?"

"Ìyá, ohun kan tó yẹ kó bá iṣẹ́ náà wá, ilé Fúyì ló wà."

Ìyá pòṣé. "Adéfúyì, ìwọ tó o bẹ ọ̀wẹ̀, o wá fi iyọ̀ ọbẹ̀ sílé? Kí ni kí àwọn tó wá oko jẹ?"

Adéfúyì wo Ìyá, ó wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó dìde lórí àga.

"Jókòó, Moji. Tìẹ la ó lò."

Mojírádé tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan jáde, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ń sáré lọ sókè. Àwọn àgbẹ̀ ti dìde dúró, wọ́n ń na ọrùn. Lójijì, àwòrán oko kòkó yọ, pẹ̀lú àmì mẹ́tàlélógójì níbi tí Ìyá ti dúró létí ihò pèrègún kọ̀ọ̀kan. Òpó símẹ́ǹtì gbogbo wà láàárín oko rẹ̀.

"Ihò ti bàbá ọkọ mi nìyẹn," ni Ìyá wí, ó ń nàka. "Èyí tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo gbìn ín."

Agbẹjọ́rò kò rẹ́rìn-ín mọ́. Alága pàṣẹ kí wọ́n hú àwọn òpó náà kí oòrùn tó wọ̀, tọmọdé tàgbà sì tẹ̀ lé wọn lọ wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Adéfúyì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ irinṣẹ́ tirẹ̀ kúrò nínú Ààlà.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Abà Àgbọ̀nrín fi ń pa á lówe títí dòní pé, ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ wà nílé ẹnìkan ṣoṣo kì í bọ́ ọlọ́wẹ̀.