Ìlà Kan tí Dúrósinmi Yọ

Òótọ́ ni ìtàn yìí, mo fi ìyá mi búra. Ẹ jẹ́ kí n yọ ìyá mi kúrò níbẹ̀: púpọ̀ nínú rẹ̀ ni òótọ́.

Dúrósinmi fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Ẹni tuntun ní láti kọ́kọ́ gbálẹ̀, kó yọ ìlà tí kò wúlò nínú ètò náà. Ó rí ìlà kan tó ní kí kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀ kó tó rán ọ̀rọ̀ míì. "Àkísà lèyí," ló wí, ó sì yọ ọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun tirẹ̀ ṣiṣẹ́ geere.

Ó gbé ètò náà dé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ìyá rẹ̀, níbi tí àwọn olókùú ti ń dúró de ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ̀rọ àtijọ́ ibẹ̀ tẹ orúkọ olóògbé dé ìdajì, ó dákẹ́.

"Ṣé ìdajì òkú la fẹ́ sin ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

Dúrósinmi pe Ẹ̀gbọ́n Ládépò, àgbà ẹgbẹ́ tó kọ ìlà náà.

"Arúgbó ni ẹ̀rọ yẹn," ni Ládépò fi sùúrù wí. "Ẹni tó ń bá arúgbó jẹun yóò jẹ́ kó gbé òkèlè mì. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Dúrósinmi dá ìlà náà padà, òkú sì pé. Àlàyé tó kọ sókè ìlà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ gbà: "Ẹ má yọ ọ́, arúgbó ń jẹun."

Sùúrù Ládépò ni irọ́ tí mo pa. Kó tó dé ibi òwe, ó ti bú Dúrósinmi dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀.