Ológbò Tó Fẹ́ Fi Àìsàn Jẹ Ẹja

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ajá àti Ológbò tí Ìyá Fadérera ń sìn.

Eégbọn mu ẹ̀jẹ̀ Ajá títí kò fi lè dìde mọ́. Ìyá wo erìgì rẹ̀, ó funfun. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó gbóná. Ó gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ. Ẹ̀rù bà á, ló bá sáré pe dókítà ẹran. Dókítà ṣa eégbọn kúrò, ó gún Ajá lábẹ́rẹ́. Nígbà tí ara Ajá ń yá, ẹja ni Ìyá fi ń bọ́ ọ.

Ológbò rí ẹja, ló bá nà gbalaja bí aláìsàn, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá mi, orí ń fọ́ mi o,
Ẹja ni oògùn rẹ̀!
Inú ń run mí o,
Ẹja ni oògùn rẹ̀!
Ẹsẹ̀ ń ro mí o,
Ẹja ni oògùn rẹ̀!

Ìyá yẹ̀ ẹ́ wò: erìgì rẹ̀ pupa, etí rẹ̀ tutù.

"Ṣé o lè jẹun?"

"Àwo mẹ́ta péré ni, Ìyá mi."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ké sí dókítà tó tún padà wá wo Ajá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú abẹ́rẹ́ tó tóbi jù wá."

Kí dókítà tó dáhùn, Ológbò ti wà lórí òrùlé!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa yẹ ẹran ọ̀sìn yín wò dáadáa. Èyí tó ń ṣàìsàn kì í pariwo. Bí mo bá parọ́, kí ẹ má gbe orin mi mọ́.