Bí Orúkọ àti Ìṣe Ṣe Ń Pín Òṣùká Kan Lò

Nígbà láéláé, kí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó di ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ na ọmọ nílé ìwé, ìlú kékeré kan wà lórí òkè. Gbólóhùn lorúkọ ọba ibẹ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń tan àtùpà ààfin rẹ̀, ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń ru epo náà gòkè láràárọ̀.

Àwọn méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Orúkọ ló ń ṣíwájú, torí òun làgbà. Ìṣe ló ń tẹ̀ lé e, ìkòkò á sì wà lórí rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, Ìṣe tí mo ń wí yìí, àyà rẹ̀ kì í balẹ̀ rárá. Ọba ti búra pé ẹni tó bá fọ́ ìkòkò òun, kí ó máa wá ìlú mìíràn lọ. Ìṣe ò sì ní ìlú mìíràn láyé.

Òṣùká kan ni àwọn méjèèjì ní, Ẹ́sì ni wọ́n ń pè é, torí ó lọ́ bíi lẹ́tà "s" Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ wá lọ́mọ púpọ̀, géńdé ni gbogbo wọn. Lọ́jọ́ mìíràn á kó wọn dání, lọ́jọ́ mìíràn á dá wá.

Orúkọ ló dá àbá. Ó ní, "Ìṣe, tí mo bá dá wá, ìwọ ni kí o lo Ẹ́sì, torí ìwọ nìkan lo máa forí gbẹ́rù. Tí mo bá kó àwọn ọmọ mi wá, wọ́n á bá ọ di ìkòkò mú lọ́tùn-ún lósì, ọrùn ò ní dùn ọ́. Èmi á wá gbé Ẹ́sì sórí, kí oníbodè lè rí i lókèèrè pé a pọ̀, kó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì."

Ìṣe ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Irọ́ ni o! Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ojoojúmọ́ ló ń ronú pé, "Tí mo bá ṣì í ńkọ́?"

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ìkùukùu bolẹ̀ bámú. Ìṣe dé ìdí òkúta gíga tí wọ́n máa ń gbé ìkòkò lé. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ohùn Orúkọ nìkan ló gbọ́ níwájú.

"Ìṣe, ó yá o! Ilẹ̀ ti mọ́!"

Ìṣe ń rò ó wò. Ṣé wọ́n dá wá ni, àbí wọ́n kó àwọn ọmọ wá? Ó la ẹnu láti béèrè, ó tún pa á dé. A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. "Wọ́n á ní mo fẹ́ fojú burúkú wo ọmọ wọn," ló wí sínú. Àwọn ọmọ kúkú wá lánàá, wọ́n á wá lónìí náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ìkòkò, ó forí lásán gbé e.

Áà! Ẹ́sì wà lórí òkúta níbẹ̀, Orúkọ ló fi í sílẹ̀ fún un. Ìkùukùu ò jẹ́ kó rí i.

Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibodè, ọrùn Ìṣe ti ń gbọ̀n. Ìkòkò ń yọ̀ síhìn-ín, ó ń yọ̀ sọ́hùn-ún. Òógùn bò ó lójú.

"Ẹ̀yin ọmọ Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú!"

Ó nawọ́ kan sọ́tùn-ún, kò kan ẹnikẹ́ni.

Orúkọ yíjú padà. "Ta lò ń pè? Èmi nìkan ni mo wá! Ẹ́sì dà?"

Ẹsẹ̀ Ìṣe yẹ̀. Gbàà! Ìkòkò balẹ̀ lẹ́nu ibodè, ẹnu rẹ̀ fọ́, epo ń ṣàn.

Wọ́n mú un dé iwájú ọba. Ó kúnlẹ̀.

Ọba ní, "Kí ló dé tí o ò béèrè pé èèyàn mélòó ló wà níwájú rẹ?"

"Kábíyèsí, ẹ̀rù ló bà mí. A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ."

Orúkọ náà wólẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ má lé e. Èmi tí mo dá wá, tí mi ò sọ, mo lẹ́bi ńbẹ̀."

Ọba wo ìta. Ó wá ní kí wọ́n gbé ìkòkò wá. Epo ṣì kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹnu ló fọ́, ìdí ò jò. Ìṣe, dúró nílùú. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, kí o tó gbé ẹsẹ̀ kan, béèrè. Ìwọ Orúkọ, o ò gbọdọ̀ bínú sí ìbéèrè náà."

Láti ọjọ́ náà ni Ẹ́sì kì í ti í sí lórí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ajá kan bá gbó, Ìṣe ló ń gbé e: "the dog barks." Bí ajá bá di púpọ̀, Orúkọ ló ń gbé e: "the dogs bark." Ìṣe ò sì tíì gba ọba gbọ́ tán pé wọn ò ní lé òun. Kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ gbẹ́rù lóòjọ́, á kọ́kọ́ na ọrùn wo iwájú, á fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ̀yin mélòó lẹ wá lónìí?"